Máṣíìnì tí ẹsẹ̀ ò lè gbé

Ọjọ́ Sátidé kan ni, nínú oṣù kọkànlá, bí aago mẹ́rin ààbọ̀ ìrọ̀lẹ́, lójú ọ̀nà Gado Nasko ní Kubwa níbí. Mo fẹ́ ṣe yú-tọ́ọ̀nù, mo ti wọ̀tún wòsì, mọ́tò ò sí, eré tí mò ń sá náà ò tó eré, ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn gan-an lè yà mí sílẹ̀. Mo yí hándù dé òpin, máṣíìnì bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ sápá òsì, mo bá na ẹsẹ̀ òsì kí n fi dá a dúró bí mo ṣe máa ń ṣe láti ọjọ́ tó ti pẹ́. Ẹsẹ̀ ò kan ilẹ̀. Etí títì ibẹ̀ ti jẹ, ó ti wọlẹ̀ tó bí ínǹṣì mẹ́ta, ínǹṣì mẹ́ta yẹn lẹsẹ̀ mi ń wá kiri nínú afẹ́fẹ́ tí mo fi gbọ́ gbì.

Mai suya tó ń fẹ́ná lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀ ju abẹ̀bẹ̀ sílẹ̀, ó ń pariwo "sannu, sannu, Alhaji, sannu" (èmi tí mi ò tíì gòkè ọ̀nà kọjá Kàdúná rí, n ló ń pè ní Alhaji), ẹni tó ń ṣe POS náà sáré wá, ọmọ ọkùnrin kan tó ń ti bárò tẹ̀lé e, àwa mẹ́rin la jọ gbé e dìde. Nǹkan kan ò ṣe mí. Orí lífà kílọ́ọ̀ṣì, irin tí ọwọ́ òsì ń fún, kán, díńgí òsì yí sẹ́yìn, ìtìjú sì bò mí débi pé mi ò ṣí hẹ́límẹ́ẹ̀tì kúrò lórí, ìka méjì ni mo fi di lífà tó kù mú tí mo fi rọra gun un délé.

Ẹ jọ̀ọ́, kì í ṣe pé mi ò mọ máṣíìnì gùn o. Nígbà tí mo wà ní LAUTECH, ní Ògbómọ̀ṣọ́, mo gun Bajaj Boxer ẹ̀gbọ́n kan ládùúgbò fún bí ọdún méjì, ìrọ̀lẹ́ àti wíkẹ́ńdì, mò ń gbé èèyàn láti Takie lọ sí Under G, mò ń jíṣẹ́ owó fún un, èyí tó bá ṣẹ́kù ni mo fi ń jẹun. Mo ti gbé ìyá alágbàdo pẹ̀lú àpò méjì rí, mo ti gun un nínú ẹrẹ̀, mo ti gun un láìsí búrèkì iwájú. Torí náà nígbà tí mo rówó ra páwá-báìkì, máṣíìnì ńlá yìí, mi ò tiẹ̀ ronú pé ẹnì kan nílò láti kọ́ mi ní nǹkan kan. Ẹni tó tà á fún mi bi mí pé "ṣé ẹ ti gun nǹkan báyìí rí?", mo ní "máṣíìnì? láti kékeré!" Ó rẹ́rìn-ín. Ó yẹ kí n ti bi í pé kí ló pa á lẹ́rìn-ín.

Suzuki V-Strom 650 ni, ti ọdún 2012, tòkunbọ̀. Tó bá kún fún epo pẹ̀lú ọ́ìlì, kílò 214 ni. Boxer tí mo gùn nílé ò ju bí kílò 110 lọ. Síìtì V-Strom yìí ga tó sẹ̀ǹtímítà 83 àbọ̀ sílẹ̀, èmi náà sì rèé, ẹsẹ̀ bàtà márùn-ún àti ínǹṣì mẹ́fà, tí mo bá jókòó sórí ẹ̀, ìka ẹsẹ̀ nìkan ló ń kan ilẹ̀, gìgísẹ̀ ò débẹ̀. Ohun tó sì ń tan èèyàn jẹ nípa máṣíìnì tó wúwo ni pé tó bá dúró ṣánṣán, kò wúwo rárá, ọmọ ọdún mẹ́wàá lè fi ìka méjì dì í mú. Tó bá tẹ̀ díẹ̀, ó ṣì ń bá ẹ ṣeré. Ibì kan wá wà tó jẹ́ pé tó bá ti tẹ̀ kọjá ibẹ̀, gbogbo kílò yẹn ló máa wá sórí ẹsẹ̀ kan ṣoṣo lẹ́ẹ̀kan náà, kò sì sí ìbọn tí wọ́n máa yìn kí ẹ tó mọ̀ pé ẹ ti kọjá ẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ méjì kí n tó ṣubú, àmì ti ń hàn, èmi ni mi ò wò ó. Jíà Boxer tiwa nígbà yẹn, ìsàlẹ̀ lèèyàn máa ń tẹ gbogbo ẹ̀ sí, eléyìí ní tiẹ̀, wáànù nìkan ló wà nísàlẹ̀, márùn-ún tó kù òkè leèyàn ń fi ẹsẹ̀ gbé e sí. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo fẹ́ fi jíà kún un lọ́nà Kubwa tí mo fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ bíi tàtijọ́, ẹ́ńjìnnì ké bí ẹlẹ́dẹ̀, táyà ẹ̀yìn fà rìrì. Tí mo bá ti dé ibi tí gò-síló wà, mo ti ń fẹsẹ̀ méjèèjì wọ́ nílẹ̀ láti bí ọ̀pá mẹ́wàá sẹ́yìn, bíi pẹ́pẹ́yẹ. Ìyẹn ni Kubwa o. Mi ò tíì gbé e wọ Wuse rárá, torí láti 2006 tí wọ́n ti lé ọ̀kadà kúrò láàárín ìlú Àbújá, àwọn onímọ́tò ibẹ̀ ò mọ ẹlẹ́sẹ̀ méjì mìíràn ju dísípáàṣì lọ, wọ́n sì gbà pé dísípáàṣì ló gbọ́dọ̀ yà fún àwọn.

Lẹ́yìn tí mo ṣubú, mo ra lífà tuntun, mo fi tápólì bo máṣíìnì, ó di ọ̀sẹ̀ méje. Mo ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá béèrè pé mò ń dúró de páàtì kan. Páàtì wo? Lífà ti wà níbẹ̀ láti ọjọ́ kẹta. Àárọ̀ ọjọ́ kan ìyàwó mi lọ gbálẹ̀ níta, ó wọlé, ó ní "Dádì, adìyẹ ará ẹ̀yìnkùlé ti yé ẹyin mẹ́rin sábẹ́ máṣíìnì yín o, ṣé ká bẹ̀rẹ̀ sí í gba owó ilé lọ́wọ́ ẹ̀ ni?" Mi ò dáhùn. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí ju ìṣubú gan-an lọ.

Ìmọ̀ràn ò wọ́n. Ọ̀gá kan níbi iṣẹ́ ní kí n tà á, kí n fowó ẹ̀ ra kẹ̀kẹ́ Marwa méjì. Ẹnì kan ní kí n gé fọ́ọ̀mù síìtì kó lọ sílẹ̀. Òmíràn ní kí n ṣáà máa sáré, pé kì í wúwo tó bá ń sáré. Òótọ́ ni pé kì í wúwo tó bá ń sáré, ṣùgbọ́n a máa dúró nígbà tó bá yá, àbí?

Ẹni tó yanjú ẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n kan, ará Kabba, tó ń ṣiṣẹ́ ní Area 1, ó ti lé lọ́dún mẹ́wàá tó ti ń gun máṣíìnì ńlá. Kò bú mi, kò sì fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ṣí tápólì, ó lé adìyẹ dànù, ó jókòó sórí búlọ́ọ̀kù, ó ní "níbo lojú ẹ wà nígbà tó ṣubú?"

Mo rò ó. Mo ní "ilẹ̀ ni mò ń wò, níbi tí mo fẹ́ gbé ẹsẹ̀ sí."

"Ọwọ́ òsì ńkọ́?"

"Mo ti fún kílọ́ọ̀ṣì pa."

"Ọwọ́ ọ̀tún?"

Mo dákẹ́. Búrèkì iwájú ni. Mo ti fún òun náà.

Ó ní "kò ṣubú nígbà yẹn. Ìwọ lo dá a dúbúlẹ̀." Ó wá fi igi yàwòrán sórí iyẹ̀pẹ̀ fún mi. Ó ní máṣíìnì tó ń yí, tó sì ti tẹ̀, agbára ẹ́ńjìnnì tó ń ti táyà ẹ̀yìn ló ń gbé e ró, bí ìgbà téèyàn ń yí táyà lójú títì nígbà ọmọdé, kò ní ṣubú bó bá ṣì ń yí. Tí o bá fún kílọ́ọ̀ṣì pa, o ti gba agbára yẹn lọ́wọ́ ẹ̀. Tí o bá wá tẹ búrèkì iwájú nígbà tí hándù ti yí dé òpin, ńṣe ló dà bí ìgbà tí o fi ẹsẹ̀ há ẹni tó ń yí ijó lọ́wọ́. ABS tó wà lára ẹ̀, tí kì í jẹ́ kí búrèkì há táyà, ò sì ríṣẹ́ ṣe níbẹ̀, torí eré ti kéré jù. Ó ní "Boxer ló kọ́ ẹ pé ẹsẹ̀ ló ń gbé máṣíìnì. Òótọ́ ni fún Boxer. Eléyìí, ẹsẹ̀ ò lè gbé e, ọwọ́ òsì ló ń gbé e, ojú ló ń darí ẹ̀."

Mi ò ní parọ́, mi ò gbà á gbọ́ lọ́jọ́ yẹn. Mo rò pé ọ̀rọ̀ àwọn tó ga ni.

Kó tó gbà kí n gun un, ó ní ká kọ́kọ́ wo ara ẹ̀. A tì í lọ sọ́dọ̀ fọkanáísà, afẹ́fẹ́ táyà iwájú tó yẹ kó jẹ́ 33, 22 ló wà níbẹ̀! Ti ẹ̀yìn tó yẹ kó jẹ́ 36, ó jẹ́ 28. Abájọ tí hándù fi ń wúwo lọ́wọ́ mi tí mo bá fẹ́ yí i pẹ̀lẹ́, tó dà bíi pé ẹnì kan di táyà mú nílẹ̀. Kọ́ọ̀bù kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ síìtì tí wọ́n fi ń tún sípíríìnì ẹ̀yìn ṣe, ẹni tó ni ín tẹ́lẹ̀ ti fún un le, bóyá torí ẹrù tàbí ẹni tó ń gbé sẹ́yìn, ẹ̀gbọ́n dẹ̀ ẹ́, ẹ̀yìn lọ sílẹ̀ díẹ̀, kò pọ̀, ṣùgbọ́n ìdajì àtẹ́lẹsẹ̀ mi ti ń kan ilẹ̀. Ó kọ̀ jálẹ̀ pé kí n má gé síìtì. Ó ní kí n ra bàtà aláwọ tí ìsàlẹ̀ ẹ̀ nípọn, tó bo kókósẹ̀.

Pápá ìpàkíìnì kan wà ní Gwarinpa tó máa ń ṣófo láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú títí di bí aago mẹ́wàá. Ibẹ̀ la ń lọ. Ọyẹ́ ti mú nígbà yẹn, eruku bo ojú ọ̀run, ètè ń là, ọwọ́ inú ìbọ̀wọ́ tutù bí yìnyín.

Ọjọ́ kìíní, kò jẹ́ kí n gùn ún rárá. Ó tẹ́ àwọn táyà àlòkù méjì sílẹ̀, ó ní ká rọra dá a dùbúlẹ̀ sórí ẹ̀, apá òsì, ó wá ní "gbé e." Mo kọjú sí i, mo dì í mú ní hándù, mo fà, ẹ̀yìn mi ké kọ́. Kò mira. Ó ní kí n kọ́kọ́ pa súwíìsì, kí n fi í sí jíà wáànù kó má baà yí lọ. Kí n wá kọ̀yìn sí i, kí ìdí mi wà lára síìtì bí ẹni fẹ́ jókòó, kí n yí hándù sápá ilẹ̀ dé òpin, kí ọwọ́ kan di hándù yẹn mú, kí ọwọ́ kejì di irin ẹ̀yìn síìtì, kí ẹ̀yìn nà ṣánṣán, kí n máa fi itan tì í, kí n máa gbé ìṣísẹ̀ kéékèèké sẹ́yìn. Ẹ gbà mí gbọ́, ó dìde. Ó dìde bí àgbàlagbà tó ń tibi oorun dìde, díẹ̀ díẹ̀, tó ń rojọ́. Mo fẹ́ pariwo. Ó ní "tún un ṣe." Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo gbé e lọ́jọ́ yẹn, tí mo délé mi ò lè gbé ọmọ mi.

Ó ní tó bá jẹ́ apá ọ̀tún ló dùbúlẹ̀ sí, kí n kọ́kọ́ na sítáǹdì síta kí n tó gbé e, torí apá òsì ni sítáǹdì wà, tí mo bá gbé e tán tí agbára mi pọ̀ jù, ó lè kọjá lọ ṣubú sódì kejì. Mo rẹ́rìn-ín nígbà yẹn. Mo ní ta ló máa ṣubú sápá ọ̀tún?

Lọ́sẹ̀ kejì, kílọ́ọ̀ṣì nìkan ni. Kò ní kí n fọwọ́ kan tírótù (hándù ọ̀tún tí wọ́n ń yí kí ẹ́ńjìnnì sáré) ju kí ẹ́ńjìnnì máa kùn díẹ̀ lọ. Kí n jọ̀wọ́ kílọ́ọ̀ṣì títí mo fi dé ibi tó ti ń mú, kí máṣíìnì sún tó ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà kan, kí n fún un padà. Síwájú, dúró, síwájú, dúró, fún wákàtí kan gbáko. Mo ní ṣé kò ní jó kílọ́ọ̀ṣì, torí mọ́tò mi àkọ́kọ́, Golf kan báyìí, bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe jó tiẹ̀ lórí òkè Mpape. Ó ní ti mọ́tò, gbígbẹ ni, ti máṣíìnì yìí, inú ọ́ìlì làwọn àwo ẹ̀ wà, ó gba kó máa yọ̀ díẹ̀ díẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ó fi búrèkì ẹ̀yìn kún un, kí ẹsẹ̀ ọ̀tún máa tẹ̀ ẹ́ pẹ́ẹ́pẹ̀ẹ̀pẹ́ bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń fà. Ibẹ̀ lojú mi ti là. Ẹ́ńjìnnì ń fà síwájú, búrèkì ẹ̀yìn ń fà sẹ́yìn, máṣíìnì wá fìdí múlẹ̀ láàárín bí okùn tí ẹni méjì dì mú, kò sí ìgbọ̀nrìrì, mo ń lọ ní eré ìjàpá, ẹsẹ̀ mi méjèèjì sì wà lókè. Ó lọ bí ọ̀pá ogún kí n tó rántí pé ó yẹ kẹ́rù máa bà mí.

Ọ̀sẹ̀ kẹta la to ike omi mẹ́fà, ó ní kí n máa yí láàárín wọn, kí n wá máa yí ẹ́ìtì, bí nọ́ńbà 8. Mo tẹ ike àkọ́kọ́ pa. Mo tẹ ìkejì. Ó ní "ike lò ń wò, ni máṣíìnì fi ń lọ bá ike. Yí ọrùn. Wo ibi tí o fẹ́ jáde sí, kí àgbọ̀n ẹ kọjá èjìká." Mo yí ọrùn. Ojú ń tì mí torí àwọn tó ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì ti ń kọjá, mo dà bí òwìwí. Máṣíìnì bá yí ara ẹ̀ gba ibẹ̀, ní tòótọ́. Ìgbà tí mo wá rò pé mo ti mọ̀ ọ́n, mo ní kí n wo bóyá ẹ̀gbọ́n ń wò mí, ojú kúrò lọ́nà, ọwọ́ fún kílọ́ọ̀ṣì pa, gbì. Apá ọ̀tún.

Ẹ̀gbọ́n ò dìde níbi tó jókòó sí. Ó ń jẹ àkàrà. Mo pa súwíìsì, mo na sítáǹdì, mo fi í sí jíà, mo kọ̀yìn sí i, mo gbé e. Ó tó ìṣẹ́jú kan. Mo dúró tì í, mo ń mí helehele, ọkàn mi sì wá rọ̀ lójijì, torí nǹkan tó ti ń lé mi láti ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá sẹ́yìn ti ṣẹlẹ̀ lójú gbogbo èèyàn, mo sì ti dá a gbé nílẹ̀ fúnra mi láìpe mai suya, láìpe POS. Mo ti rò pé irin ló ń bà mí lẹ́rù tẹ́lẹ̀, àṣé pé kí wọ́n wá bá mi gbé e ni. Mo padà sórí ẹ̀, mo yí ẹ́ìtì mẹ́jọ, mi ò tẹ ike kankan.

Búrèkì la fi ọ̀sẹ̀ kẹrin ṣe, mi ò ní fi gùn. Kókó ẹ̀ ni pé èyí tó pọ̀ jù nínú agbára ìdúró wà níwájú, torí gbogbo ìwúwo ló ń rọ́ síbẹ̀ tí a bá ń dúró, ṣùgbọ́n fífún ni wọ́n ń fún un bí ẹni ń fún ọsàn, wọn kì í já a gbà, hándù sì gbọ́dọ̀ nà. Àwa tí Boxer tọ́ dàgbà, ẹsẹ̀ ọ̀tún nìkan la mọ̀.

Ó ku ọ̀nà ńlá. Àárọ̀ ọjọ́ Àìkú kan nínú oṣù kejì la gba ọ̀nà Kubwa lọ sí Zuba, ẹ̀gbọ́n níwájú, èmi lẹ́yìn. Ní Dei-Dei, tírélà kan kọjá mi, afẹ́fẹ́ ẹ̀ gbá mi, mo dì mọ́ hándù bí ẹni tó fẹ́ rì sómi, máṣíìnì sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Ó ti kìlọ̀ fún mi tẹ́lẹ̀ pé ìgbọ̀n yẹn, ọwọ́ mi ló máa ti wá, kí n fi orúnkún há táńkì, kí n máa ju apá bí adìyẹ tó fẹ́ fò, tí apá ò bá lè jù, mo ti dì í mú jù nìyẹn. Mo ju apá. Ó dákẹ́. (Onímọ́tò kan tó wà lẹ́yìn mi fọn fèrè, ó dájú pé ó rò pé mò ń kí òun.) Ní ọ̀nà gbọọrọ tó yí lẹ́yìn ibẹ̀ ni mo ti dán ohun tó sọ wò, pé tí eré bá ti wà, tí o bá fẹ́ lọ sọ́tùn-ún, hándù ọ̀tún ni kí o tì síwájú díẹ̀. Etí ò gbà á, ṣùgbọ́n ara gbà á: mo tì í bí ẹni fìka kan ilẹ̀kùn, kílò 214 sì tẹ̀ sọ́tùn-ún wẹ́rẹ́, ó gba kọ́ọ̀nà yẹn lọ.

A dúró níbi tí a ti lè rí Zuma dáadáa, ẹ̀gbọ́n yọ 100 náírà jáde, ó ní kí n wò ó, Awólọ́wọ̀ níwájú, òkè yìí lẹ́yìn. Mo ti ń ná owó yẹn láti ìgbà tí mo wà lọ́mọdé, mi ò yí i padà wò rí. Nígbà tí a ń bọ̀ a yà rapo, dísù ti dà sílẹ̀ níwájú pọ́ǹpù, ó ń dán, mo rí i, mo tì í gba ẹ̀gbẹ́. Oṣù mẹ́ta sẹ́yìn màá ti fi ẹsẹ̀ lé e.

Èmi nìkan ni mo dá padà wọ Kubwa ní ìrọ̀lẹ́. Mo gba Gado Nasko. Etí títì yẹn ṣì jẹ bó ṣe jẹ, wọn ò dí i. Mo dín eré kù, mo wọ̀tún wòsì, búrèkì ẹ̀yìn díẹ̀, kílọ́ọ̀ṣì níbi tó ti ń mú, mo yí ọrùn wo òdìkejì títì bí òwìwí, mo yí padà. Ẹsẹ̀ ò kúrò lórí pẹ́dà.

Mo dúró kí n ra suya ti 2,000. Mai suya wò mí, ó wo máṣíìnì, ó ní "Alhaji! A hankali fa!" ó bú sẹ́rìn-ín. Mo na sítáǹdì, mo sọ̀kalẹ̀, mo ń fi ọ̀bẹ rẹ̀ hàn án bí mo ṣe fẹ́ kó gé ẹran, kò gé e, ojú ẹ̀ wà lẹ́yìn mi. Mo yíjú. Iyẹ̀pẹ̀ ni ibẹ̀, sítáǹdì ti ń wọlẹ̀, máṣíìnì ti ń tẹ̀ lọ ní tiẹ̀, kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Mo fo mú un. Mai suya bẹ̀rẹ̀, ó mú agolo mílíìkì kan tí wọ́n ti tẹ̀ pẹlẹbẹ nídìí ààrò ẹ̀, ó wá ki í bọ abẹ́ sítáǹdì fún mi, ó fi ẹsẹ̀ gún un wò pé ó dúró. Ó gé ẹran tán, kò gba agolo ẹ̀ padà, inú àpótí máṣíìnì ló ṣì wà títí di òní, òórùn yájì ò kúrò lára ẹ̀.